Ọyẹ́ Tí Ọládòṣù Nìkan Rí

Ọ̀mùtí kẹ̀? Ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, ẹ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti rí i. Ẹ jókòó sórí àga oníke, ẹ di ìgò tútù mú, ẹ ń sọ pé ọtí ló fọ́ Ọládòṣù lójú, pé ẹni tó ń fi ọtí ṣiṣẹ́ ṣe, kí ló tún ń retí. Ọládòṣù tẹ́ ẹ ń wí yẹn, gbogbo ọdún tó fi ń gbé ọtí fún àlejò ní gáàdìn Madam Tẹjú ní Òkòtà, ẹnì kan ò rí i rí kó máa fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Bó bá délé ní Máfolúkù, á wẹ̀, á jẹun, á gbàdúrà pẹ̀lú Kúnbi ìyàwó ẹ̀, á sùn. Ẹ lọ bi Kúnbi. Ìyá Ìlérí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí Ìléríolúwa tó jẹ́ àkọ́bí wọn. Obìnrin tó ń ránṣọ níwájú ilé, tí ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ mọ́ irọ́. Á sọ fún yín pé ọkọ òun ò mu ọtí. Ó ń tọ́ ọ wò ni. Ẹ̀yin ò mọ ìyàtọ̀, ẹ wá ń dájọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Bàbá ẹ̀ ń dá ẹmu, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ohun tó padà fọ́ ọ lójú. Nílé wọn, ẹni tó bá gbé ẹmu wá fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu. Á fẹ́ ìfófó orí ẹ̀ dànù, á bu díẹ̀ sínú igbá kékeré, á gbé e mì lójú àlejò, á wá ní, "Ẹnu mi rèé." Pé bí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀, èmi ló máa kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlejò máa tó na ọwọ́. Bàbá yẹn sọ fún un nígbà tó ṣì ń tẹ̀ lé e lọ sídìí ọ̀pẹ pé ẹni tó bá gbé ẹmu fún èèyàn tó sì kọ̀ láti tọ́ ọ wò, ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé májèlé wà nílé òun.

Ó dé Èkó, ó ṣiṣẹ́ ní kọ́mpìnnì aṣọ ní Ìsọlọ̀ títí àwọn yẹn fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìgbà tí kò ríṣẹ́ mọ́ ni Madam Tẹjú gbà á sí gáàdìn, kó máa bá òun gbé ẹmu káàkiri tábìlì. Ó gbé àṣà ilé wọn dání wọ ibẹ̀. Ife kékeré kan wà lápò ẹ̀, kò ju ìdérí fúláàsìkì lọ. Á bu ti tábìlì yín díẹ̀ sínú ẹ̀, á mu ún, á ní, "Ẹnu mi rèé," á dúró jẹ́jẹ́, á wá bu tiyín. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ déédéé fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu-Mi-Rèé, ẹ bá wa gbé ọ̀kan wá. Inú ẹ̀ máa ń dùn sí i.

Rájí ló ń gbé àlejò wá bá a. Wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà ní Máfolúkù ni, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọkọ̀ òfuurufú ń gba orí òrùlé ẹ̀ kọjá tí ìkòkò á máa gbọ̀n lórí sítóòfù. Awakọ̀ ni Rájí, ọmọ Ìsẹ́yìn, ìmàle tí ò jẹ́ fi ìrun ṣeré. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń gbé èrò. Ó ní ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù, tó bá ti kí òun tán, oúnjẹ ló máa bèèrè. Níbo ni mo ti lè jẹ oúnjẹ ilé? Níbo ni wọ́n ti ń ta nǹkan tútù? Rájí á wá là á fún wọn. Ẹ gbé báàgì sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Àjàó Estate. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì gbígbóná lọ́nà Òṣòdì. Tó bá dọ̀sán, ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n dì sínú ewé wà ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wọ aṣọ funfun lọ o. Mọ́là kan ń sun súyà ní Máfolúkù tí ata ẹ̀ á bá yín sọ òótọ́. Tí oòrùn bá wá rọlẹ̀ díẹ̀, ó di Òkòtà, ẹ lọ jẹ ìgbín àti àsun, ẹ lọ nàka sí ẹja àrọ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àgbá kí wọ́n sè é fún yín, kí ẹ̀gbọ́n mi sì gbé ẹmu fún yín. Rájí fúnra ẹ̀ ò mu. Á jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú Fáńtà àti abọ́ àsun, á máa fi Ọládòṣù ṣẹ̀fẹ̀.

Ó máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ ìdájọ́, ẹnu yín yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè."

Ọládòṣù á ní, "Á bá ikùn tìẹ níbẹ̀, ewúrẹ́ Òkòtà ti lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Bí bàlúù bá ń kọjá lórí ilé láàárọ̀, Ọládòṣù á gbójú sókè, á ní àlejò òun ló ń bọ̀ yẹn. Kúnbi á rẹ́rìn-ín, á ní kí ó sọ fún àwọn àlejò ẹ̀ kí wọ́n má wó òrùlé lé òun lórí.

Ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà ni Rájí gbé Ethan wá. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà, tí òbí ẹ̀ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ Ògùn, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju kó máa ya fídíò ibi tí èèyàn ti lè jẹ, ibi tó ti lè mu àti ibi tó ti lè gbafẹ́ bó bá wá sí Èkó, kí ó wá gbé e sórí fóònù fún gbogbo ayé. Ọmọ náà ò níwà burúkú, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kí Ọládòṣù dáadáa, ó jẹ ìgbín, ó sunkún ata. Ìgbà tó rí i tí Ọládòṣù kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò, ńṣe ló dìde. Kò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ethan wo fóònù ẹ̀, ó mi orí, ó ní ife náà kéré jù, kò hàn. Ló bá na ife ńlá tirẹ̀ sí i, ó ní, "Daddy, kó kún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Ọládòṣù wo Madam Tẹjú. Madam Tẹjú ń rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé kó ṣe é. Ó mu ife kan tán, gbogbo tábìlì pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni àṣà bàbá ẹ̀ kúrò ní àṣà, ó di eré.

Fídíò náà lọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí i, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà rí i, wọ́n ní ibi tí àwọn máa kọ́kọ́ dé nìyẹn táwọn bá ti sọ̀kalẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ Kérésì, àwọn tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì Àjàó ti ń tò síta gáàdìn. Ẹmu nìkan kọ́ ni wọ́n bá wá, wọ́n fẹ́ rí bàbá tó ń kọ́kọ́ mu. Madam Tẹjú ra fìlà aláràbarà fún un, ó ní kó máa dé e lójoojúmọ́, kó sì máa pariwo "Ẹnu mi rèé" kí fóònù lè gbọ́. Ó tún là á mọ́lẹ̀ pé tábìlì kọ̀ọ̀kan, ife kọ̀ọ̀kan, kó kún. Ife kékeré wọnú àpò, kò jáde mọ́.

Ẹ wá gbọ́. Ẹmu kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ọ̀pẹ ò mọ̀ pé Dìsẹ́ńbà ti dé. Ìwọ̀nba ẹmu tó ń ti Ìjẹ̀bú wá ò lè tó èrò tó pọ̀ tó yẹn. Madam Tẹjú bá dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n máa fi ògógóró lu zóbò, kí wọ́n da omi ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ṣúgà sí i, kí wọ́n fi yìnyín mú un tutù. Ó pọ́n, ó dára lójú, ó dùn lẹ́nu. Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára pátákó níwájú géètì: Ẹnu Mi Rèé. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ń ta á.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an ni àwọn kẹ́ẹ̀gì ògógóró tuntun kan wọlé. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n gba géètì ẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀rá ńlá bò wọ́n. Ẹni tó ń gbé ògógóró fún wọn tẹ́lẹ̀ kọ́ ló gbé wọn wá. Ọládòṣù ṣí ìdérí ọ̀kan, ó gbóòórùn ẹ̀, òórùn ọtí ni. Kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá má mọ̀ ọ́n, dókítà ì bá má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó lọ bá Madam Tẹjú ní kọ́ńtà, ó bi í jẹ́jẹ́ pé níbo ni kẹ́ẹ̀gì tuntun yìí ti wá.

Madam Tẹjú ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ìlérí, ẹ tọ́ ọ wò. Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn."

Ó lọ tọ́ ọ wò.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Kúnbi bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá sọ pé ife kún dandan, kí ó máa bu zóbò lásán sínú tirẹ̀, ta ni yóò mọ̀. Ọládòṣù ní rárá. Ó ní bí òun bá mu zóbò tóun fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, tí nǹkan bá wá wà nínú ọtí, a jẹ́ pé àlejò ni òun fi tọ́ ọ wò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, bí Kúnbi bá dé ibi ọ̀rọ̀ yìí, á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ bá mi rò ó wò. Àlejò kan á mu ife kan, á bọ́ sí tirẹ̀. Àwọn míì bì ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ata ni, wọ́n ní ìgbín ò bá àwọn lára mu, wọ́n wọ bàlúù lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó mu ti tábìlì yìí, tó mu ti tábìlì yẹn, tó mu ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó tún padà wá mu ti àwọn tí wọ́n ní fóònù àwọn ò yà á dáadáa. Gbogbo ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi ahọ́n kàn, inú ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí.

Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ni, ó lo oògùn. Ọjọ́ Kérésì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iná inú ṣọ́ọ̀ṣì ń gún un lójú, èébì ń gbé e. Kúnbi ní kó má lọ síbi iṣẹ́. Ọládòṣù ní ọjọ́ tí àlejò pọ̀ jù lọ ni Kérésì, òun ò lè fi Madam sílẹ̀. Madam tó jẹ́ pé òun ò fi ètè kan ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn rí. Málítà ló ń mu ní kọ́ńtà.

Ọjọ́ kejì Kérésì, ayé funfun lójú ẹ̀. Bí ẹni wo ìta látinú àpò ìyẹ̀fun ló rí fún un. Ó rò pé ọyẹ́ ni. Dìsẹ́ńbà ni, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ó ń nu ojú, ó ń fọ ojú, ó ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọyẹ́ ọdún yìí le. Ọwọ́ wọn dí. Ó bu ọtí fún àwọn kan, orí tábìlì ló dà á sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Wọ́n yà á.

Rájí kírun Alásàárì tán, ó kó àwọn tọkọtaya kan wá. Ọládòṣù gbọ́ ohùn ẹ̀, ó kọjú síbẹ̀.

"Rájí, ọyẹ́ òní mà pọ̀ o. Báwo lo ṣe rí ọ̀nà wá?"

Rájí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun tún ti gbé ẹ̀fẹ̀ tuntun dé ni. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ òun náà lẹ́yìn pẹ̀lú òógùn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn ń jó orí páànù.

Ó ní, "Ọyẹ́ kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Oòrùn tó ń sun gbogbo wa yìí ńkọ́?"

Rájí wá wò ó dáadáa. Ọkùnrin náà ò wojú òun, ibi tí ohùn òun ti wá ló ń wò. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ń wá etí tábìlì, ó ń fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni wọ yàrá tí iná ẹ̀ kú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Rájí.

Àwọn tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn ti gbé fóònù sókè. Wọ́n ní, "Ó ti kàn wá, Daddy, ẹ bọ́ sọ́dọ̀ wa." Ife ti kún lọ́wọ́ ẹ̀. Rájí di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú.

Madam Tẹjú pariwo láti kọ́ńtà. "Alhaji onímọ́tò, ẹ fi òṣìṣẹ́ mi sílẹ̀ kó parí tábìlì yẹn."

Kò sí nǹkan tí Rájí ò sọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ife yẹn sílẹ̀. Ọládòṣù yọ ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Níwájú àlejò tó ti na ife, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òun ò mu. Bàbá ẹ̀ ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó kọjú síbi tí ẹ̀rín wọn ti ń wá. Ó ní, "Ẹnu mi rèé." Ó gbé e mì tán.

Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú fìlà lórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Rájí fi àwọn tọkọtaya yẹn sílẹ̀, ó gbé e sọ́kọ̀. Ọsibítù àkọ́kọ́ gbóòórùn ẹnu ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé kó lọ sùn, pé ọtí á dá lójú ẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀yin náà ń sọ nìyẹn. Ibòmíì ni dókítà obìnrin kan ti bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ. Kí ló mu, láti ìgbà wo, ta ló pò ó. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tán, ó pe Kúnbi sí kọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ọtí ẹnu èèyàn ló wà nínú ẹ̀, pé sípírítì tí wọ́n fi ń lu ọ̀dà ni ẹnì kan dà sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè gbé e wá nígbà tí orí ń fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹ̀mí á dúró. Ojú ò ní padà.

Ilẹ̀ mọ́, Rájí lọ sí gáàdìn. Wọ́n ti fi Ìsàlì, oògùn apakòkòrò, fọ ẹ̀yìnkùlé tóórùn ẹ̀ gbalẹ̀ kan. Kò sí kẹ́ẹ̀gì, kò sí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí kẹ́ẹ̀gì kankan rí. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá kí àwọn tó lè ṣe nǹkan.

Madam Tẹjú wá kí wọn lọ́sibítù, kí ẹ má sọ pé kò wá. Ó gbé málítà àti ọsàn dání. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ pa Ọládòṣù lọ́wọ́, ó ní kó ṣáà gbà pé ó mu nǹkan níta kó tó wọlé iṣẹ́, pé gáàdìn ò gbọdọ̀ kú nítorí ẹnì kan. Kúnbi ló fèsì.

"Madam, ẹ̀yin náà mu nínú ẹ̀?"

Madam Tẹjú ní òun fi ọkọ̀ síbi tí kò dára lójú títì. Ó dìde.

Ethan ńkọ́? Kúnbi ní kí ọmọ òun ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un lórí fóònù. Ethan fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Fídíò náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń bèèrè lábẹ́ ẹ̀ pé níbo nìyí, pé àwọn ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà.

Ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde, àlejò kan fàáké kọ́rí pé ibẹ̀ lòun fẹ́ dé. Rájí gbé e lọ. Ó bá ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó dé fìlà Ọládòṣù, tó ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń pariwo "Ẹnu mi rèé." Nígbà tí ẹni yẹn gbé ife ẹ̀ sílẹ̀, Rájí, ìmàle tí ò fọwọ́ kan ọtí rí, ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. Zóbò lásán ni. Wọ́n mọ̀ wí pé ó ṣeé fi zóbò ṣe o. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀.

Ẹ lọ wo Ọládòṣù ní Máfolúkù báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ẹ̀. Bí bàlúù bá kọjá, á gbójú sókè kó tó rántí. Kò sọ̀rọ̀ àlejò mọ́. Omi gan-an, ì báà jẹ́ omi nínú ilé ara ẹ̀, kò jẹ́ mu ún àfi tí Kúnbi bá kọ́kọ́ mu. Á di ife mú, á máa fetí sílẹ̀ kí ó gbọ́ bí omi ṣe ń gba ọ̀fun ẹ̀ lọ. Kúnbi á ní, "Ẹnu mi rèé, Bàbá Ìlérí." Á dúró díẹ̀. Á wá mu.

Ẹni tẹ́ ẹ ń pè ní ọ̀mùtí nìyẹn. Ẹ má bi í léèrè ohun tó mu, gbogbo ayé ti rí ohun tó mu nínú fóònù. Madam Tẹjú ni kẹ́ ẹ bi. Madam, ta ló gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn gba géètì ẹ̀yìn wọlé? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wa.